Ọ̀rá inú ikùn àti ọpọlọ: kí ni kí n bá àwọn obìnrin rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ sọ?

Olùkọ́Ìlera_Òde:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ obìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ ní ìpàdé wọn. Ẹni àádọ́ta ọdún, ó lé díẹ̀ tàbí ó dín díẹ̀, ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ti sú wọn í gbọ́. Ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni mo fẹ́ gbé lọ, pé ikùn tó yọ síwájú lónìí lè di ìṣarán lọ́jọ́ ogbó. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á dìde, á ní, "Ara tó gba ìgbádùn lẹ ń bá wí yìí, kí ló kan orí ńbẹ̀?" Èsì tó mọ́gbọ́n wá ni mo ń wá, kì í ṣe ìwàásù.

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀nà wo gan-an ni ọ̀rá ikùn ń gbà dé ọpọlọ? Kí la lè wọ̀n lójú ẹsẹ̀ láìsí ẹ̀rọ olówó ńlá? Àwọn kan nínú wọn sì ti ń jẹ diclofenac àti ibuprofen, àwọn oògùn ara ríro, lójoojúmọ́, torí wọ́n kà á lórí WhatsApp pé inflammation (kí àwọn agbèjà ara máa jà, kí ara máa gbóná tàbí kó wú) ló ń ba ọpọlọ jẹ́, oògùn yẹn ló sì ń pa á. Àwọn mìíràn fẹ́ san owó àyẹ̀wò CRP, èyí tó ń wo àmì inflammation nínú ẹ̀jẹ̀. Kí ni kí n wí fún wọn? Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀bà, tí gbogbo ayé ń dá lẹ́bi.


Dókítà_Mákùn:

Ẹ kú làákàyè. Orí ọ̀rá fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹrù lásán ni ọ̀rá. Láti 1993 tí Hotamisligil àti Spiegelman ti fi hàn pé ọ̀rá ẹranko tó sanra jù ń tú TNF-alpha, ohun tó ń dá inflammation sílẹ̀, jáde, àti láti 1994 tí Jeffrey Friedman àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ rí leptin, ohun tí ọ̀rá ń fi sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ti tó, ni a ti mọ̀ pé ọ̀rá ń ṣe nǹkan, ó sì ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Ọ̀rá ìdí àti itan kò le tó ọ̀rá tó wé mọ́ ìfun àti ẹ̀dọ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá inú ikùn bá wú ju bí ẹ̀jẹ̀ ṣe lè gbé afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ, òmíràn á kú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara á rọ́ wá palẹ̀ òkú mọ́, wọ́n á sì jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa tú TNF-alpha àti IL-6, tí òun náà ń dá inflammation sílẹ̀, jáde. Bí IL-6 bá dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á máa ṣe CRP. Kò sí ibà, kò sí egbò, ibì kankan kò dùn ún, àmọ́ iná ń jó lábẹ́ eérú fún ogún ọdún.

Ọ̀nà tó ń gbà dé ọpọlọ kì í ṣe ẹyọ kan. Ààlà kan wà láàrin ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kàn ya wọlé. Inflammation tó pẹ́ lára máa ń mú kí ààlà náà jò. Lẹ́yìn ààlà, ọpọlọ ní àwọn sẹ́ẹ̀lì agbèjà tirẹ̀, microglia lorúkọ wọn. Àwọn ló ń gbá ìdọ̀tí, tó fi mọ́ amyloid tó ń kóra jọ nínú ọpọlọ àwọn tó ní Alzheimer, irú ìṣarán tó wọ́pọ̀ jù. Bí ohun tó ń ti inú ẹ̀jẹ̀ wá bá ń tọ́ wọn níjà lójoojúmọ́, iṣẹ́ ìgbálẹ̀ á dẹ̀yìn, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ba ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ jẹ́. Insulin náà ń kọ́? Kì í ṣe ti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ nìkan. Hippocampus, níbi tí ìrántí tuntun ti ń fìdí múlẹ̀, ń lò ó. Bí ara bá ti kọ etí ikún sí insulin, ọpọlọ náà lè kọ etí ikún sí i.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi kò ṣòro yé rárá. Sísanra ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀jẹ̀ ríru ń ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó ń bọ́ ìsàlẹ̀ ọpọlọ jẹ́. Apá kò rọ, ẹnu kò yà, kò sẹ́ni tó máa pè é ní rọpárọsẹ̀. Ẹni náà kàn ń lọ́ra ni: ó ń pẹ́ kó tó ṣírò owó ọjà, kò lè máa ṣe nǹkan méjì pọ̀ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Ilé á ní ọjọ́ orí ni.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá dìde gbọ́ èyí: ní 2008, Rachel Whitmer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde láti California lórí 6,583 ènìyàn. Wọ́n ti wọn ikùn wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ 40 sí 45 ọdún. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 36, ewu ìṣarán fún àwọn tí ikùn wọn wà nínú ìdá kan nínú márùn-ún tó tóbi jù súnmọ́ ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tí ikùn wọn kéré jù. Àwọn tí ìwọ̀n ara wọn kò pọ̀ àmọ́ tí ikùn yọ náà kò mórí bọ́.

Bí wọ́n bá ní àìsàn òyìnbó ni, ẹ mú wọn lọ sí Ìbàdàn. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun, Adesola Ogunniyi àti Hugh Hendrie láti Amẹ́ríkà ló fi àwọn àgbà Yorùbá ní Ìbàdàn wé àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Àbájáde 2001 ni pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, ìṣarán tuntun lọ́dún kan jẹ́ 1.35 ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Àwọn ará Ìbàdàn ìgbà náà kò sanra tó àwọn ti ọ̀hún, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wọn sì kéré. N kò ní ìyẹn nìkan ló fà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé jíjẹ́ Yorùbá kọ́ ló dáàbò bò wọ́n, ìgbé ayé ibẹ̀ wà nínú ẹ̀, ìgbé ayé náà la sì ń fi sílẹ̀ yìí.


Nọ́ọ̀sì_Ìlíṣàn:

Mo gba ti wíwọ̀n. Ẹ má gbé ìwọ̀n tí à ń gùn síwájú àwùjọ obìnrin, ìpàdé á tú. Okùn lẹ máa mú lọ.

Ẹ gé okùn tí kò lè fà fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, kó gùn tó gíga rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, láìsí bàtà, láìsí gèlè. Kó ṣẹ́ ẹ po sí méjì dọ́gba, kó fi yí ikùn ara rẹ̀ ká. Bí orí okùn méjèèjì bá pàdé, ikùn kò ju ìdajì gíga lọ, ibi tó yẹ kó wà nìyẹn. Bí wọn ò bá pàdé, àlàfo tó wà láàrin ni iṣẹ́ tó kù. Kò sí nọ́ńbà, kò sí ìtìjú, oníkálukú á mú okùn rẹ̀ lọlé.

Bí ẹ bá máa lo tépù aránṣọ, ẹ kọ́kọ́ fi rúlà ọmọ iléèwé yẹ̀ ẹ́ wò, torí tépù aláṣọ tó ti pẹ́ máa ń fà. Kó tú ìró àti ohunkóhun tó fún ikùn pọ̀. Ẹ fọwọ́ wá egungun ìhà tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wá orí egungun ìbàdí, àárín méjèèjì ni tépù ń gbà. Ìdodo ni ọ̀pọ̀ ń lò, àmọ́ bí ikùn bá ti rọ̀, ìdodo náà á ti sọ̀ kalẹ̀, nọ́ńbà á sì ṣìnà. Kó mí síta wọ́ọ́rọ́wọ́, kó má fa ikùn wọlé. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Fún obìnrin, 80 cm (ínṣì 31 àbọ̀) ni ìkìlọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, bó bá ti dé 88 cm, ewu ti le. Fún ọkùnrin, 94 cm àti 102 cm.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń rán aṣọ Ojúde Ọba lọ́dọọdún. Ìwé aránṣọ wọn ti ní ìwọ̀n ikùn wọn láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn! Ibi tí aránṣọ ń wọ̀n kì í ṣe ibi tí a ń wọ̀n gan-an, àmọ́ bó bá ń lé sí i lọ́dọọdún, a kò nílò ẹlẹ́rìí mìíràn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru: bàǹdéèjì ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ bá apá mu. Apá tó bá ju 32 cm lọ yíká nílò èyí tó tóbi. Kékeré lórí apá ńlá á fi ẹ̀jẹ̀ hàn bíi pé ó ga ju bó ṣe wà lọ, wọ́n á sì kó oògùn fún ẹni tí kò nílò rẹ̀. Kó tọ̀, kó jókòó fún ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn ti àga, kó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kó má sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàrin. Ìlà tó wà nílé ìwòsàn ni 140/90, nílé tirẹ̀ 135/85.

Ṣúgà òwúrọ̀ láìjẹun: 126 mg/dL sókè lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìtọ̀ ṣúgà, 100 sí 125 ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe HbA1c, àyẹ̀wò tó ń fi ìwọ̀n ṣúgà nǹkan bí oṣù mẹ́ta hàn, 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìlà, àmọ́ kí ẹni tó jẹ́ SS, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, má gbára lé e.

Ẹ bi wọ́n léèrè híhanrun náà. Ẹni tó ń hanrun tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun, tó ń jí pẹ̀lú orí fífọ́, tó ń tòògbé nídìí ọjà lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ kò tó ọpọlọ rẹ̀ lóru ni. Ọrùn tó ju 40 cm lọ ń fi kún ìfura. Ilé ìwòsàn ńlá ni kó lọ, ní Ṣàgámù tàbí níbí ní Ìlíṣàn.


Apòògùn_Ìjẹ̀bú:

Ẹ sọ ọ́ gbangba: kò sí oògùn ara ríro kan tó ń dá ìṣarán dúró. Wọ́n ti dán an wò. Ìwádìí ADAPT ní Amẹ́ríkà fún àgbà tó lé ní 2,500, ẹni 70 ọdún sókè, ní naproxen tàbí celecoxib, oògùn ara ríro méjì, tàbí oògùn òfìfo tí kò ní nǹkan nínú. Wọ́n dá a dúró ní December 2004 nítorí ìbẹ̀rù ewu ọkàn. Nígbà tí wọ́n tún tẹ̀ lé àwọn àgbà náà, oògùn kò gbà wọ́n lọ́wọ́ Alzheimer.

Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé diclofenac àti ibuprofen ojoojúmọ́ ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ń gbẹ́ ọgbẹ́ sínú, ń ba kíndìnrín jẹ́. Obìnrin tó ń lo lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pẹ̀lú oògùn tó ń múni tọ̀, tó wá fi diclofenac lé e, kíndìnrín rẹ̀ lè dákẹ́ lójijì, pàápàá bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá gbẹ omi ara rẹ̀. Ó ń wá ààbò fún ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń ba ọpọlọ jẹ́ ló ń bọ́.

Dexamethasone, oògùn steroid, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n ń pò mọ́ cyproheptadine, tó ń mú oúnjẹ wuni jẹ, kí ìdí lè yọ. Ikùn àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ọ̀rá rẹ̀ ń gbà sí, ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru á tẹ̀ lé e. Ẹni tó ti lò ó pẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, torí ara rẹ̀ ti gbàgbé bí a ṣe ń ṣe tirẹ̀. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbo kan sì wà tí wọ́n ń fi irú rẹ̀ sí láìsọ. Bí àgbo kan bá gba oríkèé lọ́wọ́ ìrora láàrin wákàtí díẹ̀, tí oúnjẹ sì ń wu ènìyàn jẹ léraléra, kí wọ́n fura.

CRP: èyí tó tọ́ fún ọ̀rọ̀ yìí ni hs-CRP, irú àyẹ̀wò CRP tó lè rí èyí tó kéré gan-an. Kò tó 1 mg/L, ó dára. 1 sí 3, àárín. Ju 3 lọ, ó ga. Bó bá ju 10 lọ, ẹ máa wá ibà, eyín tó kẹ̀, ìtọ̀ tó ní kòkòrò. Kó sàn tán, kí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kó tó tún un ṣe. Lójú tèmi, kí wọ́n má fi owó ṣòfò síbẹ̀ ná. Bó ga bó wálẹ̀, ohun tí a máa ní kó ṣe kò ní yàtọ̀. Kó fi owó yẹn ra ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá apá rẹ̀ mu.


Onímọ̀Oúnjẹ_Ìkẹ́nnẹ́:

Ẹ̀bà nìkan kọ́ o. Gàrí gbígbẹ 100 gíráàmù jẹ́ nǹkan bíi kálórì 350, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìrẹsì gbígbẹ dọ́gba. Kíkan gàrí Ìjẹ̀bú kò ba nǹkan jẹ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kù, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn tan ara rẹ̀. Ìwọ̀n tó wà nínú àwo ni ìbéèrè. Ẹ̀bà, fùfú tàbí àmàlà tí kò ju ìkúùkù ẹni tó ń jẹ ẹ́ lọ. Ìdajì àwo jẹ́ ẹ̀fọ́ tó hàn lójú. Ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà gba ìyókù. Òkèlè díẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ tó ṣàn ló ń mú kí ebi tún tètè pani, kì í ṣe òkèlè díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tó pọ̀ àti ẹja tó tóbi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bà jẹ́ tí a kì í kà ni epo. Ṣíbí ìjẹun kan ṣoṣo jẹ́ kálórì 120. Ìkọ́kọrẹ́ tí ewùrà rẹ̀ kò pọ̀, tí epo sì ń léfòó lórí rẹ̀, epo yẹn ni oúnjẹ náà. Kí wọ́n fi ṣíbí wọn epo sínú ìkòkò, kí wọ́n má dà á láti ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Ṣíbí kan fún ẹni kan ti tó. Ìkọ́kọrẹ́ kò ní bínú. Ẹja gbígbẹ àti edé ló ń gbé adùn rẹ̀.

Ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti máltì: kí wọ́n ka ara ìgò. Bó bá kọ ṣúgà 10 gíráàmù nínú 100 ml, ìgò 50 cl ní 50 gíráàmù, ìyẹn nǹkan bíi kóró ṣúgà 12. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ó dára kí ṣúgà àfikún má ju nǹkan bíi 25 gíráàmù lọ lóòjọ́. Ìgò kan níbi ìnáwó ti jẹ ti ọjọ́ méjì.

Dídín ìwọ̀n kù: ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni kí wọ́n kọ́kọ́ lé. Obìnrin tó wọ̀n 90 kílò, 4.5 kílò nìyẹn. Ìdajì kílò lọ́sẹ̀ ti dára. Tíì tó ń fọ ikùn kì í yọ ọ̀rá, omi àti potassium, èròjà tí ọkàn nílò, ló ń yọ nípasẹ̀ ìgbẹ́. Ìwọ̀n á padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àyà á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í já.


Físíò_ÒdeRẹ́mọ:

Ìrìn náà ńkọ́? Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, tàbí 30 lójúmọ́ fún ọjọ́ 5, ìrìn tí ènìyàn fi lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí kò lè fi kọrin. Rírìn káàkiri ìsọ̀ kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí wọ́n máa dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í, kí wọ́n tún jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Iṣan ara tó ń ṣiṣẹ́ ń fa ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń bu omi pa inflammation, bí ìwọ̀n kò bá tilẹ̀ tíì yí. Ẹni tí orúnkún ń dùn, orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kó ti bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan.


Dókítà_Mákùn:

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má ṣèlérí pé bí ikùn bá ti wọlé, ìrántí á padà. A kò ní ẹ̀rí fún ìyẹn. Ní November 2025, wọ́n kéde pé semaglutide, oògùn tó ń dín sísanra kù, kò dá Alzheimer tó ti bẹ̀rẹ̀ dúró nínú ìwádìí ńlá méjì. Kì í ṣe ẹ̀yìn tí ilé ti jó la ń pe apaná. Ohun tó ní ẹ̀rí ni kíkó wọn pọ̀. Ìwádìí FINGER ní Finland, tó jáde ní 2015, mú 1,260 ènìyàn ọmọ 60 sí 77 ọdún: oúnjẹ, eré ìdárayá, iṣẹ́ ọpọlọ, ìṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà, ọdún méjì gbáko. Ọpọlọ wọn ṣe dáadáa ju ti àwọn tó gba ìmọ̀ràn lásán. Ìgbìmọ̀ Lancet, ìwé ìròyìn ìṣègùn, ti 2024 ka nǹkan 14 tó ń fa ìṣarán tí a lè ṣe nǹkan sí, sísanra wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, etí dídi, ojú tí kò ríran dáadáa, dídá nìkan wà. Nítorí náà, ìpàdé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ oògùn, bí àwo ìrẹsì ibẹ̀ bá lè kéré sí i.


Olùkọ́Ìlera_Òde:

Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́ gidi. Okùn yẹn ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Ó ku ọ̀kan: wọ́n á bi mí nípa àwọn ìyá wọn, ẹni 75 sí 80. Ṣé kí àwọn náà fọn?


Nọ́ọ̀sì_Ìlíṣàn:

Rárá o, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ọ̀rọ̀ ikùn tí a ń sọ yìí, ti àárín ọjọ́ orí ni. Ní ọjọ́ ogbó, kí ara máa fọn láìjẹ́ pé ìyá fúnra rẹ̀ ló dín oúnjẹ kù lè jẹ́ àmì pé ìṣarán ti ń bọ̀, nígbà mìíràn ọdún mélòó kan kí ilé tó ṣàkíyèsí. Ìyá tó fọn tó sì ń gbàgbé nílò àyẹ̀wò, kì í ṣe oríyìn. Ẹran ara rẹ̀ ni kí wọ́n dáàbò bò: ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, àti dídìde lórí àga tí físíò sọ.


Apòògùn_Ìjẹ̀bú:

Kí wọ́n tó pè é ní ìṣarán, kí wọ́n wo oògùn ìyá ná. Metformin tó ti pẹ́ lára ń dín B12 kù, àìtó B12 sì ń múni gbàgbé, a lè yẹ̀ ẹ́ wò, a sì lè tún un ṣe. Chlorpheniramine, oògùn ara yíyún, tí wọ́n ń fún un kó lè sùn ń da ọpọlọ àgbà rú, amitriptyline, oògùn ìbànújẹ́ ọkàn, bẹ́ẹ̀. Tairọ́ìdì tó lọ́ra àti ìbànújẹ́ ọkàn náà ń jọ ìṣarán.

Ìdàrúdàpọ̀ tó bá dé lójijì, láàrin wákàtí tàbí ọjọ́ kan, kì í ṣe ọjọ́ ogbó. Àìsàn inú ara ni, tàbí rọpárọsẹ̀, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Bí ẹnu bá yà, tí apá kan kò gbéra, tí ọ̀rọ̀ sì lọ́, kí wọ́n kọ aago tí ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, torí oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì kì í sábà ṣeé fún lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àbọ̀. Kí wọ́n sì kó gbogbo oògùn ìyá sínú àpò kan lọ, tó fi mọ́ ìgò àgbo àti èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun.